Ìdánwò Ìkìlọ̀ Tó Ń Já Lu Ètò Tẹlifíṣọ̀n: Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa nílé lóko. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ ń sọ, pàápàá àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà: ìdánwò ìkìlọ̀ pàjáwìrì tó máa ń ya wọ àárín ètò tẹlifíṣọ̀n láìkan ilẹ̀kùn. Torí náà òun la máa fi gbogbo ojú ewé yìí sọ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n olóòtú. Houston là ń gbé, ìyá ọkọ mi wá láti Ìbàdàn láti bá mi tọ́jú àwọn ìbejì. Ètò tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ́sàn-án ni ti adájọ́ obìnrin kan tó máa ń dá ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ o, àmọ́ wọ́n á ti mọ ẹni tó jẹ̀bi kí adájọ́ tó la ẹnu. Wàhálà wa ni pé ibi tó bá ti fẹ́ dùn báyìí ni tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn, á ké gààà-gààà-gààà, ìró burúkú kan á tẹ̀lé e, lẹ́tà funfun á máa sáré kọjá lójú ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí n tó jáde ní kíṣìnnì Màmá ti gbé Kẹ́hìndé pọ̀n, wọ́n ti fi ìró wé Táíwò mọ́ àyà, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé ṣé ogun ni. Bí mo bá yí ṣánẹ́ẹ̀lì, kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi náà ń bínú, bọ́ọ̀lù tó ní kí àpótí kébù gbà sílẹ̀ fún òun, ibi tí wọ́n ti gbá góòlù gan-an ni ìdánwò bọ́ sí. Kí ni wọ́n ń dánwò tí kì í tán? Ṣé a ò lè pa á ni? (Ìyá Ìbejì, Houston)

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ẹ bá wa kí Màmá, ẹ sọ fún wọn pé wọn ò ṣe àṣejù rárá. Kéèyàn kọ́kọ́ gbé ọmọ ná kó tó máa béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe ẹ̀rọ yẹn gan-an nìyẹn. Àwa tó ti pẹ́ níbẹ̀ la ti gbọ́ ìdánwò títí tí etí wa fi kú sí i.

Ohun tó ń já lu ètò yín ni wọ́n ń pè ní Emergency Alert System, EAS ni wọ́n máa ń kọ. Ìpìlẹ̀ ẹ̀ ti pẹ́, ayé Ààrẹ Truman ni, 1951, nígbà tí ẹ̀rù bọ́ǹbù Rọ́ṣíà ń ba gbogbo wọn, wọ́n yí i padà ní 1963, wọ́n tún yí i padà ní 1997, ti 1997 yẹn ni wọ́n ṣì ń lò. Wọ́n ṣe é kí Ààrẹ lè bá gbogbo ilẹ̀ náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, kò sì tíì sí Ààrẹ kankan tó fi sọ ọ̀rọ̀ gidi rí. Ìjì, àgbàrá, ìjì líle tọ̀nédò, ọmọ tí wọ́n jí gbé, irú ìwọ̀nyẹn ni wọ́n ń lò ó fún lójoojúmọ́.

Ìdánwò tó kàn yín, oríṣi méjì ni. Ti ọ̀sẹ̀ wà, ti oṣù wà. Ti ọ̀sẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀, òfin gan-an ló ní kí ọjọ́ àti aago ẹ̀ máa yí, wọ́n sì lè fò ó lọ́sẹ̀ tí ti oṣù bá bọ́ sí. Ti oṣù ló gùn, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú, ibì kan ló ti máa ń gbéra, tí àwọn yòókù á gbà á tí wọ́n á sì tún un gbé jáde. Ní January, March, May àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, tó bá di February, April, June, ó di láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oṣù yìí Màmá lè pàdé ẹ̀ nídìí adájọ́, oṣù tó ń bọ̀ kó wá jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn lóru ló máa bá.

Ti ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ̀ ń yí kiri yẹn, kì í ṣe pé ó ń lé yín o. Bí ìdánwò oṣù bá ti dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan, 60 ìṣẹ́jú ló ní láti tún un gbé jáde, kálukú á wá àyè tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láàárín wákàtí yẹn. Ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan á rí i lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá ń sá láti ibí sí ọ̀hún lè pàdé ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ wá fi kébù kún un. Òfin de ilé-iṣẹ́ kébù náà, òun náà gbọ́dọ̀ ṣe tiẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àpótí wọn á kàn fà yín kúrò lórí ohunkóhun tẹ́ ẹ̀ ń wò, á gbé yín lọ sórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan tí ìkìlọ̀ wà, tó bá parí á dá yín padà. Ohun tó ba góòlù ọkọ yín jẹ́ nìyẹn: ohun tó wà lójú àpótí ló ń gbà sílẹ̀, ìkìlọ̀ ló sì wà lójú ẹ̀ lásìkò yẹn. Ẹni tó ń fi eríà (áńtẹ́nà) gba tẹlifíṣọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́, ti ilé-iṣẹ́ tó ń wò lásìkò yẹn nìkan ló máa rí, torí náà tirẹ̀ ò ní pọ̀ tó ti yín.

Gààà mẹ́ta tó ń dẹ́rù ba Màmá yẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń bá ẹ̀rọ sọ ni. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni ẹni tó ń kìlọ̀, ohun tó ń bọ̀, káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tó kàn, àti bó ṣe máa pẹ́ tó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń sọ ọ́ kó má bàa sí àṣìgbọ́. Káńtì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà, ti Harris County tí ọ̀pọ̀ ará Houston ń gbé, 048201 ni, ẹ kọ ọ́ síbì kan, mo ṣì máa padà sórí ẹ̀. Ìró gígùn tó tẹ̀lé e, ohùn méjì tí ò bára mu ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa pọ̀ kí ẹni tó sùn lè ta jí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ó dáa, a ti gbọ́, kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minot fún yín, ìlú kan ní North Dakota. Òru ọjọ́ 18 January 2002, nínú òtútù, rélùwéè tó gbé ammonia, kẹ́míkà olóró kan, yà kúrò lórí irin lẹ́bàá ìlú, àwọn táǹkì bẹ́, èéfín funfun tó ń jó ojú àti ẹ̀dọ̀fóró bo àwọn ilé tó wà nítòsí. Àwọn èèyàn jí, wọ́n tan rédíò, orin ni wọ́n gbọ́. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ wà, àmọ́ ìkìlọ̀ ò jáde lórí ẹ̀. Ọlọ́pàá ní àwọn pe ilé-iṣẹ́ rédíò kò sẹ́ni tó gbé e, àwọn rédíò ní ọlọ́pàá ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin kan kú, ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ọsibítù. Bíi ti jẹnẹrétọ̀ ló rí: èyí tí ẹnikẹ́ni ò tan láti oṣù mẹ́fà, ọjọ́ tí wọ́n bá múná lọ tí aláìsàn sì wà nílé kọ́ ló yẹ kéèyàn máa wá ibi tí epo ti gbẹ. Gbogbo ìlà tó wà láàárín ọlọ́pàá, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́, rédíò, kébù, títí dé pálọ̀ yín, èyíkéyìí nínú ẹ̀ ló lè já láìsí ẹni tó mọ̀, ìdánwò nìkan ló ń fi hàn. Ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí ìdánwò tó yẹ kó dé kò bá dé, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ìdí ẹ̀ kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó sì máa ń fi àṣírí hàn lóòótọ́. Ọjọ́ 9 November 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ dán gbogbo Amẹ́ríkà wò lẹ́ẹ̀kan náà, ìtìjú ni. Ibì kan ò gbọ́ nǹkan kan, ibòmíì ohùn ń dà lé ara wọn lórí, àwọn kan tó ń lo sátẹ́láìtì, orin Lady Gaga ni wọ́n gbọ́ dípò ìkìlọ̀. Ẹ rò ó wò ká ní ọjọ́ gidi ni. Àmọ́ torí pé wọ́n rí i, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ti dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́fà mìíràn kárí orílẹ̀-èdè títí di October 2023.

Àmọ́ ṣá, mi ò ní tan yín, ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ bínú sí ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà ṣe é. Òfin ò sọ pé kí wọ́n fi àwòrán tàbí lẹ́tà sí ìdánwò ọ̀sẹ̀, gààà yẹn àti ti ìparí ti tó. Bó bá jẹ́ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àpótí kébù yín ń ṣókùnkùn tó ń fà yín kúrò lórí ètò, ilé-iṣẹ́ yẹn ló yàn án bẹ́ẹ̀ tàbí ẹ̀rọ wọn ló ti gbó, ẹ pè wọ́n. Ẹ má kàn sọ pé ó ń yọ yín lẹ́nu o, ẹni tó bá gbé fóònù á kàn bẹ̀ yín á sì gbé e sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ṣánẹ́ẹ̀lì, bó ṣe pẹ́ tó, kí ẹ sọ pé Required Weekly Test (orúkọ ìdánwò ọ̀sẹ̀ nìyẹn) ló ń gba gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ. Bí wọn ò bá dáhùn, FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìdánwò tó bá ń bí èèyàn nínú jù ló ń kọ́ èèyàn láti gbá rìmóòtù mú kí wọ́n pa ohùn ẹ̀, ọjọ́ tó bá di òótọ́ wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Pípa a? Ti tẹlifíṣọ̀n kò ṣeé pa.

Ó ku Màmá. Ẹ gbé páálí kan, ẹ kọ TEST sí i gàdàgbà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tún kọ WARNING sí páálí mìíràn, kó ní àwọ̀ pupa. Wọn ò nílò Gẹ̀ẹ́sì, ojú ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ ọ́n: bí ẹ̀rọ bá ké, kí wọ́n wo èyí tó jọ ti orí tẹlifíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ TEST, kí wọ́n dúró de adájọ́ wọn. Tó bá jẹ́ ti pupa, kí wọ́n gbé ọmọ bí wọ́n ti gbé e yẹn kí wọ́n sì pè yín, àmọ́ kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn. Tọ̀nédò ló lè jẹ́, àárín ilé níbi tí kò sí fèrèsé ni wọ́n máa sá lọ, kì í ṣe ìta. Èyí ṣe pàtàkì gan-an torí pé ìkìlọ̀ yẹn kì í sọ Yorùbá, àwọn ìyá wa tó wá tọ́jú ọmọ ló sì ń dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ nígbà tí gbogbo wa bá lọ síbi iṣẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àwa ti gé kébù dànù. YouTube àti Netflix là ń wò, ariwo kankan kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní kí àwọn tó ń ráhùn ṣe bíi tiwa. (Bàbá Tolú, Maryland)

Èsì: Bàbá Tolú, ariwo ò dé ọ̀dọ̀ yín torí pé òfin EAS ò de Netflix àti irú ẹ̀, ìkìlọ̀ gidi náà ò sì ní gba ibẹ̀ dé. Fóònù yín nìkan ló kù, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ wọ settings fóònù yín lónìí, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ti pa á láìmọ̀, torí ti Ààrẹ nìkan ni wọn ò gbà kéèyàn pa, ìyókù ṣeé pa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti pa á lọ́jọ́ tí ti ọmọ tí wọ́n jí gbé jí wọn lóru.

Fóònù nìkan gan-an ò tó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Texas ní ọjọ́ 4 July 2025, odò Guadalupe ní Kerr County kún lóru, àwọn èèyàn tó lé ní 130 ló bá àgbàrá yẹn lọ ní agbègbè ibẹ̀, ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 14 lóru ni National Weather Service, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba, ti kìlọ̀ fún káńtì yẹn. Ojú oorun ni ọ̀pọ̀ wà, ibòmíì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kì í pa arọ tó bá gbọ́n, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ná. Ẹ lọ ra rédíò ojú ọjọ́, NOAA Weather Radio ni kẹ́ ẹ béèrè, èyí tó ní bátìrì, ẹ gbé e sí yàrá tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Ó máa dákẹ́ títí, ọjọ́ tí ìkìlọ̀ bá dé nìkan ló máa jí yín. Nọ́ńbà káńtì tí mo sọ fún Ìyá Ìbejì lókè ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ẹ̀, kó má bàa máa jí yín nítorí òjò ìlú tó jìnnà. Ẹ wá ti káńtì yín.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn oníjìbìtì ò lè gba ẹ̀rọ yìí kí wọ́n fi dẹ́rù ba aráàlú? Èmi ò gba nǹkan kan gbọ́ mọ́. (Akẹ́kọ̀ọ́, Atlanta)

Èsì: Wọ́n ti gbà á rí, ọmọ mi. Ní February 2013 àwọn kan gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Great Falls, Montana, wọ́n kéde pé òkú ń jí dìde látinú sàréè wọ́n sì ń kọlu alààyè. Ohun tó fa á ni pé ọ̀rọ̀ aṣínà (password) tí ẹ̀rọ bá wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọn ò yí i padà. FCC sì máa ń fi owó ìtanràn jẹ ẹni tó bá fi ìró yẹn ṣe eré, ní 2014 wọ́n ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́ta san nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 dọ́là torí pé wọ́n gbé ìpolówó fíìmù tó ní ìró yẹn sáfẹ́fẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Hawaii, torí kì í ṣe olè ló ṣe é. Ọjọ́ 13 January 2018, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú méje àárọ̀, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n sọ pé àdó olóró ń bọ̀, kí gbogbo èèyàn sá, kì í ṣe ìdánwò. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe láàárín ara wọn níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe é ní «ìdánrawò ni» nínú, ó tún ní «kì í ṣe ìdánrawò» nínú, òṣìṣẹ́ kan sì gbà pé òótọ́ ni. Wọn ò sì múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ tí wọ́n á fi pa á rẹ́, ìṣẹ́jú 38 kọjá kí àtúnṣe tó dé orí fóònù. Fún ìṣẹ́jú 38 àwọn òbí ń dágbére fún ọmọ wọn. Má torí ìyẹn sọ pé o ò gba nǹkan kan gbọ́ mọ́. Bó o bá rí ìkìlọ̀, kọ́kọ́ wá ibi ààbò ná, lẹ́yìn náà ni kó o yẹ rédíò tàbí ojú òpó ìjọba ìpínlẹ̀ wò. Tó bá sì ní kó o fi nọ́ńbà káàdì báǹkì ránṣẹ́, olè ni.

Ìbéèrè: Àǹtí tàbí Bọ̀dá tó ń dáhùn, London ni mo wà. Ní September 2025 tí ìjọba ní kí gbogbo fóònù dún ní aago mẹ́ta ọ̀sán, àbúrò mi ní fóònù kékeré kan tí ọkọ ẹ̀ ò mọ̀ sí, ó ń gbèrò àti kúrò nílé yẹn torí ọwọ́ tó ń jẹ. Ọlọ́run ló ní ọkọ ò sí nílé. Ṣé ó máa tún dún? (Ẹ má kọ orúkọ mi)

Èsì: A ò kọ ọ́, a ò sì ní kọ ọ́. Ó lè tún dún o. Ti ọjọ́ 7 September 2025 ni ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kejì, àkọ́kọ́ ni ti 23 April 2023, àmọ́ láàárín ẹ̀ wọ́n ti lò ó fún nǹkan gidi, nígbà ìjì Darragh ní December 2024 nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ló gbà á ní Wales àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn England. Kéèyàn ti pa ohùn fóònù mọ́ ò dá a dúró, á ṣì dún fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Kí àbúrò yín wọ settings lórí fóònù kékeré yẹn, kó wá «emergency alerts», kó pa «severe alerts» àti «extreme alerts» méjèèjì. Bí fóònù bá wà ní pípa pátápátá, tàbí ní airplane mode, ìkìlọ̀ ò lè dé ibẹ̀, torí náà nígbà tí kò bá lò ó kó pa á. Ìjọba ò mọ̀ pé ó ní fóònù yẹn o, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ju ìkìlọ̀ sí gbogbo fóònù tó wà nítòsí, wọn kì í gba nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Fóònù ńlá tí ọkọ mọ̀, kó fi tiẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ìkìlọ̀ ìjì lè bá òun àti àwọn ọmọ.

Ẹ fún un ní nọ́ńbà yìí kó há a sórí, kó má kọ ọ́ sílẹ̀: 0808 2000 247, National Domestic Abuse Helpline ni, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. Bó bá jẹ́ pé ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ wá lù ú lọ́wọ́lọ́wọ́, 999 ni kó pè.